Gbọ̀ngàn Tí Afẹ́fẹ́ Kò Gbọdọ̀ Wọ̀

Ẹni tó bá mọ tẹ́búlù tẹ́nìsì dáadáa mọ̀ pé ọ̀tá tó le jù kì í ṣe ẹni tó dúró lódìkejì tábìlì. Afẹ́fẹ́ ni. Bọ́ọ̀lù náà fúyẹ́ bí èèpo ẹyin. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ lù ú báyìí, ibi tó wù ú ni yóò gbà. Ìdí nìyẹn tí Asiata fi fi ìṣó kan gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ rẹ̀ pa lọ́dún tó dá a sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i bí ohun tó burú, àfi ìgbà tó di ọdún 1996, tí àrùn yírùnyírùn ń ti òkè Ọya bọ̀.

Gbọ̀ngàn ọ̀hún wà lẹ́bàá ojú irin, kò jìnnà sí ibi tí réluwé ti ń dúró ní Ọ̀fà. Ilé ìkẹ́rùsí ni tẹ́lẹ̀. Alhaji Tàjùdéèn ló ni í, ọlọ́jà ńlá kan tí kò sí ọmọdé tí kò mọ ọkọ̀ Pijó rẹ̀ nígboro. Láyé ìgbà tí ẹ̀pà ṣì ń gba orí réluwé kọjá, àpò máa ń kún ibẹ̀ kan àjà. Nígbà tí òwò yẹn kú, eku ló jogún ilé náà. Asiata ló lọ kúnlẹ̀ níwájú Alhaji lọ́dún 1987 pé kó jẹ́ kí òun gbá a mọ́, kí àwọn ọ̀dọ́ ìlú ríbi máa ṣeré tí kì í ṣe abẹ́ igi, tí kì í ṣe ilé ọtí. Alhaji rẹ́rìn-ín, ó ní, "Eré bọ́ọ̀lù kékeré yìí náà?" Ṣùgbọ́n ó fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Ọmọ Ọ̀fà ni Asiata tọkàntara. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò lẹ́jọ́ lẹ́nu, ọwọ́ òsì ló sì ń lò. Bàbá rẹ̀ bá a fa ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì yẹn títí nígbà èwe, pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Àmọ́ nígbà tó dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìlọrin, ọwọ́ òsì kan náà ló fi ń na àwọn tó ti ń gbá báàtì kó tó débẹ̀. Ó ṣojú ìpínlẹ̀ Kwara. Nígbà tó padà sílé, tó lọ́kọ, tó bímọ, àwọn kan ń sọ ọ́ lẹ́yìn pé kí ni ìyàwó ilé Mùsùlùmí ń fò sókè fò sódò fún níwájú ọkùnrin. Asiata so gèlè rẹ̀ mọ́rí dáadáa, ó wọ ṣòkòtò gígùn sábẹ́ bùbá, ó ń fò lọ. Àkànbí ọkọ rẹ̀, gáàdì orí réluwé tí kì í pẹ́ nílé, kò bá a wí. Ó ní ẹni tó fẹ́ ẹyẹ ló mọ̀ pé ó ní ìyẹ́.

Láàárín ọdún díẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ náà ti jáde. Àwọn ọmọ ń ti Ìjagbo àti Ẹ̀rìn-Ilé wá. Àárín ìlú wọn gún o, kò gún o, nínú gbọ̀ngàn Asiata, báàtì nìkan ni wọ́n ń fi bára wọn jà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó ti Ifáníkẹ́, ọmọbìnrin kan láti Ojoku tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ọ̀fà. Èṣùgbàyí ni bàbá rẹ̀, ọdẹ àti àgbẹ̀ tí kì í wọ ìgboro bí kò bá nídìí. Asiata fúnra rẹ̀ ló gun ọ̀kadà lọ bẹ bàbá yìí l'Ojoku kó tó gbà. Lọ́dún 1996 tí mò ń wí yìí, ìdíje ìpínlẹ̀ ń bọ̀ ní Ìlọrin, gbogbo ènìyàn ló sì gbà pé Ifáníkẹ́ ni yóò gbé ife wálé.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí ooru gba ipò rẹ̀, ni Àkànbí ti Kano dé. Kò wọ yàrá. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà, ó ní kí Asiata gbé omi wá fún òun níbẹ̀, kó má sì sún mọ́ òun.

"Kí ló dé?" ni Asiata bi í.

"Má tí ì gbé Sherifat wá sọ́dọ̀ mi." Sherifat ni ọmọbìnrin wọn kékeré. "Ohun tí mo rí lọ́hùn-ún, ojú mi ò rí i rí. Wọ́n tẹ́ ènìyàn sábẹ́ igi lọ rẹrẹẹrẹ, kò sáàyè nínú ilé ìwòsàn mọ́. Ọrùn wọn gan bí igi. Dókítà kan tó wọ ọkọ̀ wa ní Zaria sọ pé èémí ló fi ń ràn. Ó ní ilé tí èrò pọ̀ sí, tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀, ibẹ̀ ló fẹ́ràn jù."

Asiata gbé korobá omi náà kalẹ̀. Ilé tí èrò pọ̀ sí, tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀. Bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ dárúkọ gbọ̀ngàn òun ni.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá Roseline, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan nílùú. Roseline kò fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, "Asiata, réluwé tó ń gbé iyọ̀ àti àlùbọ́sà wá fún wa kì í yan èrò. Bó bá fẹ́ dé, kò ní kanlẹ̀kùn."

Bí Asiata ti kúrò níbẹ̀, òòlù ló yá lọ́wọ́ káfíńtà. Ó gun orí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìṣó fèrèsé yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dúró ń wò ó bí ẹni tó rí ẹni tó ń wó ilé ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù nìkan wà nínú ilé, kí àwọn yòókù dúró síta lábẹ́ igi ọ̀dán. Ife kan ṣoṣo tí gbogbo wọn fi ń bu omi nínú àmù, ó gbé e pamọ́. Kí kálukú gbé tirẹ̀ láti ilé. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, kó má wá rárá. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí ọkọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbohùngbohùn kéde kiri ìgboro pé kí wọ́n dín ìpéjọ inú ilé kù, kí wọ́n sì máa sùn níbi tí atẹ́gùn wà.

Ìnira ni fún àwọn ọmọ náà. Bọ́ọ̀lù á kúrò lójú báàtì, atẹ́gùn á gbà á, ó di ẹ̀yìn ilé. Akínwándé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ igbákejì Asiata, máa ń mi orí.

"Anti, eré kọ́ lèyí mọ́. Báwo la ṣe fẹ́ fi èyí lọ Ìlọrin?"

"Bí a bá wà láàyè, a ó mọ bí a ṣe máa lọ."

Ọ̀rọ̀ dé etí Alhaji Tàjùdéèn. Ó wá fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbádá rẹ̀.

"Asiata, wọ́n ní o ti sọ ilé mi di ìsọ̀ ọjà, tí gbogbo ẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu."

"Ẹ káàsán, Alhaji. Afẹ́fẹ́ ni mo ní kó wọlé."

"Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí o ti ń lé e jáde?" Ó wò yí ká. "Mo ti sọ fún àwọn èèyàn ní Ìlọrin pé ọmọ ẹgbẹ́ mi ló máa gba ife lọ́dún yìí. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, Asiata. Àwa kì í sá fún ìjà."

"Alhaji, ẹni tó ń jàkadì máa ń rí ẹni tó ń bá òun jà. Èyí ò lójú, kò lápá. Níbo la ti fẹ́ gbá a mú?"

Alhaji kó agbádá rẹ̀ lé èjìká. Ó yí padà, ó wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n Asiata mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò tí ì tán.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ọmọ kan nílé-ìwé tí Asiata ti ń kọ́ni sọ pé orí ń fọ́ òun. Wọ́n mú un lọ sílé. Kí ọ̀sẹ̀ ó tó parí, wọ́n ti sin ín. Asiata lọ síbi ìsìnkú náà. Ó rí ìyá ọmọ náà tó jókòó sílẹ̀, tí kò sunkún, tó kàn ń tẹ́ ìró orí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ sùn síbẹ̀. Láti ibẹ̀, gbọ̀ngàn ló gbà lọ tààrà. Ó lé gbogbo wọn jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní ó di ìgbà tí òjò bá rọ̀ kí àwọn tó tún pàdé.

Ifáníkẹ́ bú sẹ́kún. "Anti, ìdíje ńkọ́?"

"Ìdíje á tún wá."

Lọ́jọ́ kejì Alhaji ránṣẹ́ pe Asiata, ó ní kó mú kọ́kọ́rọ́ òun wá. Asiata fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ẹ̀yin lẹ ni ilé, Alhaji. Mi ò lè bá yín jiyàn lórí ilé yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí tó bá wà nínú ẹ̀, kì í ṣe tiyín, kì í ṣe tèmi."

"Má ṣépè fún mi."

"Èpè kọ́, Alhaji. Ẹ̀bẹ̀ ni."

Ọjọ́ díẹ̀ kọjá. Lọ́sàn-án kan tí oòrùn ń yan ènìyàn bí iṣu, Asiata ń bọ̀ láti ilé-ìwé, ó gba ẹ̀bá ojú irin. Ó gbọ́ ohùn kan tó mọ̀ bí ẹni mọ ohùn ọmọ rẹ̀: kó-kò, kó-kò, kó-kò. Ó dúró. Ó wo gbọ̀ngàn náà. Gbogbo fèrèsé rẹ̀ ni wọ́n ti tún kàn pa gbọin-gbọin, orí ìṣó tuntun ń dán nínú oòrùn.

Ó sáré lọ gbá ilẹ̀kùn. Ohùn bọ́ọ̀lù dákẹ́ lójijì. Ó tún gbá a.

"Èmi ni. Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Akínwándé ló ṣí i. Ooru tó jáde pàdé Asiata dà bí ti ẹnu ààrò. Àwọn ọmọ náà lé ní ogún, wọ́n fara kan ara wọn lẹ́bàá ògiri, òógùn bò wọ́n. Ife omi kan ṣoṣo sì ti padà sórí àmù.

"Alhaji ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́, Anti," ni Akínwándé ń kùn. "Ó ní ká kàn ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí ìdíje á fi kọjá. Ẹ má bínú."

Asiata kò gbọ́ èyí tó kù. Ifáníkẹ́ ló ń wò. Ọmọbìnrin náà dúró nídìí tábìlì pẹ̀lú báàtì lọ́wọ́, ó di ojú rẹ̀ díẹ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀ tó gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé. Bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Dípò kó bẹ̀rẹ̀ mú un bí gbogbo ènìyàn, orúnkún ló rọra fi sọ̀kalẹ̀, tí orí rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ẹni tó ru omi tí kò fẹ́ kó dànù.

"Ifáníkẹ́, wá."

"Anti, ó kù díẹ̀ ká parí géèmù yìí."

"Mo ní kí o wá. Tẹ orí ba fún mi. Fi àgbọ̀n rẹ kan àyà."

Ọmọbìnrin náà gbìyànjú. Orí kò tẹ̀.

"Ìrọ̀rí tí mo sùn lé ni ò dáa, Anti."

"Láti ìgbà wo?"

Ó gbá báàtì rẹ̀ mọ́ra. "Láàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Anti, ẹ má yọ mí. Mo fẹ́ lọ Ìlọrin. Mo fẹ́…" Kò parí rẹ̀. Báàtì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di etí tábìlì mú, ó bì, ó sì ṣubú.

Ariwo sọ. Gbogbo wọn rọ́ sẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n Asiata ti débẹ̀ ṣáájú wọn, ó na apá méjèèjì dí ilẹ̀kùn. Wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀ kó le bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ dúró! Ẹni tó bá sá lọ sílé báyìí, ìyá rẹ̀ ló ń gbé àrùn yìí lọ bá. Àbúrò rẹ̀ ló ń gbé e lọ bá. Ẹ bọ́ sábẹ́ igi yẹn, kẹ́ ẹ jìnnà síra yín. Akínwándé! Kó wọn lọ bá nọ́ọ̀sì Roseline pátápátá, kó fún wọn lóògùn tí kò ní jẹ́ kó mú wọn. Ẹnì kan ò gbọdọ̀ dín. Ṣé o gbọ́?"

Akínwándé wo ọ̀nà, ó wo Ifáníkẹ́ nílẹ̀. Asiata rí i pé ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ fẹ́ sá. Nígbà tó yá ó ní, "Mo gbọ́, Anti," ó sì jáde lọ kó wọn jọ.

Ó wá ku Asiata àti ọmọ náà nìkan. Ẹ̀rù bà á nígbà náà. Ó rántí Sherifat nílé, ẹnu rẹ̀ tí ó máa ń fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun bí òun bá wọlé. Bí òun bá gbé ọmọ ọlọ́mọ yìí, kí ni òun yóò gbé lọ fún ọmọ tòun? Ifáníkẹ́ kérora nílẹ̀, ó ní, "Orí mi o." Asiata tú gèlè rẹ̀, ó fi bo ẹnu àti imú ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé e pọ̀n.

Lójú títì, ọlọ́kadà kan dúró. Bó ti rí i tí orí ọmọbìnrin náà gan sẹ́yìn, ó yí iná sí i, ó sá lọ. Ìkejì kò tilẹ̀ dúró. Oòrùn ń ta, ẹ̀yìn Asiata ń gbóná bí ẹni tó pọn ẹ̀yinná. Ó ń rìn. Ó ń ké pe àwọn tó wà lẹ́nu ìsọ̀ wọn, wọ́n ń wọlé.

Ọkọ̀ Pijó kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alhaji Tàjùdéèn ló wà nídìí ọkọ̀.

"Kí ló ṣe é?"

"Ohun tí mo sọ fún yín ni, Alhaji."

Alhaji wo ojú Ifáníkẹ́ tó ti yí padà. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìtọ́kọ̀. Asiata rò pé yóò lọ, bí àwọn yòókù ti lọ. Ó tilẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú láti máa bá ìrìn rẹ̀ lọ.

"Gbé e wọlé," ni Alhaji wí. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ṣílẹ̀kùn. "Kí o sì yí gbogbo gíláàsì sílẹ̀."

Ní ilé ìwòsàn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí ìta ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Wọ́n gún un lẹ́yìn, wọ́n fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Omi tó yẹ kó mọ́ gaara, ó dàrú bí omi ẹ̀kọ. Roseline fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ó sì fa Asiata sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní oògùn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, pé èyí tó wà nílẹ̀ kò lè dé ọ̀la. Alhaji gbọ́. Kò bi wọ́n léèrè iye tó jẹ́ tàbí ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ó kàn ní kí Roseline kọ orúkọ oògùn náà fún òun, ó sì forí lé ọ̀nà Ìlọrin.

Ìròyìn dé Ojoku kí ilẹ̀ tó ṣú. Èṣùgbàyí wọ ilé ìwòsàn pẹ̀lú ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ lọ́rùn, eruku ọ̀nà dé orúnkún rẹ̀. Àwọn èèyàn yà fún un. Akínwándé, tó ti kó àwọn ọmọ yòókù dé tí wọ́n sì ti gba oògùn, fara ti ògiri, ó ń wo ilẹ̀.

"Níbo ni Asiata wà?"

Asiata kúnlẹ̀. "Èmi rèé, Bàbá."

"Ìwọ lo wá bá mi nínú oko. O ní eré ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Wọ́n sọ fún mi lọ́nà pé o ti ti ibẹ̀ pa. Wọ́n ní ẹnì kan ló tún un ṣí. Ta ni?"

Asiata mọ̀ pé orúkọ kan ṣoṣo ló kù kí òun dá, gbogbo ẹ̀bi yóò kúrò lórùn òun. Ó tún mọ ohun tí ojú bàbá yìí ń wí pé òun máa fi onítọ̀hún ṣe.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó là á já ná. Bó bá là á já, n ó dárúkọ gbogbo wa fún yín, tèmi náà á wà níbẹ̀. Torí èmi ni mo kọ́kọ́ kan àwọn fèrèsé yẹn pa."

Èṣùgbàyí wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó bọ́ àpò èjìká rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó síbi orí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ṣé wọ́n ti fún un lómi?"

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí Alhaji dé pẹ̀lú àpótí oògùn lọ́wọ́. Ó gbé e fún Roseline. Ó bọ́ fìlà. Ọkùnrin tí ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún dúró níwájú àgbẹ̀ ará Ojoku láìní fìlà lórí, ó ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣí i. Kì í ṣe Asiata. Ó kìlọ̀ fún mi."

Èṣùgbàyí kò gbójú sókè. "Mo gbọ́," ló wí. Ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Alhaji dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ro, kó tó rí igun kan jókòó sí.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e le. Àwọn ìyá ọmọ ẹgbẹ́ wá ká Asiata mọ́lé, wọ́n ní ó fẹ́ fi eré pa àwọn lọ́mọ. Àkànbí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń bẹ̀ wọ́n. Asiata fúnra rẹ̀ kò wọlé sí Sherifat; ẹ̀yìnkùlé ló ń sùn, ó ń lo oògùn tí Roseline fún un, ó ń gbọ́ tí ọmọ náà ń sunkún pé òun fẹ́ màmá òun. Ara ọmọ ẹgbẹ́ méjì mìíràn gbóná, ṣùgbọ́n wọ́n tètè rí wọn, kò sì pẹ́ tí ara wọn fi yá. Kò sí ẹni tó kú nínú ẹgbẹ́ náà.

Ibà Ifáníkẹ́ náà rọlẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ la ojú rẹ̀ dáadáa, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Inú Asiata dùn débi pé ó bú sẹ́kún. Èṣùgbàyí tẹ̀ síwájú.

"Ifáníkẹ́."

Ó ń wo òrùlé.

"Ifáníkẹ́, bàbá rẹ ni."

Kò yí ojú. Roseline lọ sẹ́yìn orí rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ kíkan. Ifáníkẹ́ kò ṣẹ́jú. Nígbà tó wá rí ojú bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ní, "Bàbá, kí ló dé tí gbogbo yín dákẹ́?"

Asiata jáde síta. Ó di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú. Ó ṣe tán, yírùnyírùn kì í jáde nílé kó má mú nǹkan kan dání.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, àrùn náà sì rọlẹ̀ nílùú. Ìdíje Ìlọrin ti kọjá láìsí ọmọ Ọ̀fà kankan níbẹ̀. Alhaji pe bíríkìlà, wọ́n lu ihò gígùn sókè ògiri gbọ̀ngàn yí ká, nísàlẹ̀ òrùlé, kí ooru àti èémí lè máa gba ibẹ̀ jáde, kí atẹ́gùn má sì dé orí tábìlì. Asiata sọ eré di òwúrọ̀ Sátidé àti ọjọ́ ìsinmi, kí oòrùn tó mú. Àwọn ọmọ ń padà wá díẹ̀díẹ̀. Akínwándé kò padà. Ó lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn, kò sì lè wo Asiata lójú nígbà tó wá dágbére.

Ifáníkẹ́ ti wà l'Ojoku. Asiata ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, ó ń mú èso lọ, ó ń mú aṣọ lọ. Ọmọbìnrin náà kì í jáde síta. Èṣùgbàyí á fún Asiata ní àga, yóò bá a jókòó díẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ pé, "Ìwọ ṣáà ń wá. Àwọn tó ń pè é ní akọni tẹ́lẹ̀, mi ò rí ìkankan nínú wọn."

Ọyẹ́ tún ti dé kí Ifáníkẹ́ tó wọ bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ wá Ọ̀fà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn láàárọ̀ Sátidé kan. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ mú báàtì, ó dúró nídìí tábìlì, ó ń dúró de Asiata.

Eré náà kò ṣeé wò. Ohùn bọ́ọ̀lù lára báàtì ni ẹni tó mọ eré fi ń mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù náà ń yí tàbí kò yí. Ifáníkẹ́ kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ó ń gbá a sókè, ó ń gbá a sínú àwọ̀n. Ó ju báàtì mọ́lẹ̀, ó sì tún gbé e. Nígbà tó lọ tán, Asiata wá òwú, ó ki í bọ etí ara rẹ̀ méjèèjì, ó ní kí àwọn ọmọ máa gbá bọ́ọ̀lù sí òun. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àwọn ọmọdé ń na kóòṣì wọn bí ẹni na ọ̀lẹ, títí ojú rẹ̀ fi kọ́ láti máa wo ọrùn ọwọ́ ẹni tó ń gbá a, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ìgbà náà ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Ifáníkẹ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ifáníkẹ́ lọ Ìlọrin. Ó borí ẹni méjì, ẹni kẹta sì nà án. Kò gba ife. Àwọn èèyàn dìde pàtẹ́wọ́ fún un, kò sì mọ̀, àfi ìgbà tó wo òkè tó rí bàbá rẹ̀ láàárín èrò, tó bọ́ fìlà, tó ń fì í yí ká orí bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn adití, ibẹ̀ ló sì ti di olùkọ́ eré.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Asiata gbé sínú fún ìgbà pípẹ́. Ó tó bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn àìsàn náà kó tó sọ ọ́ jáde. Ifáníkẹ́ wá kí i ní ìsinmi, wọ́n sì jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Asiata dá bọ́ọ̀lù dúró. Ó súnmọ́ ọn, kí ọmọbìnrin náà lè máa wo ètè rẹ̀.

"Ifáníkẹ́, ká ní mo ti wá wo ibẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú… Ṣé o bínú sí mi?"

Ifáníkẹ́ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ mọ́, kò mọ bó ṣe ń le tó. Àwọn tó ń kọjá lójú irin pàápàá gbọ́ ọ.

"Mo bínú, Anti. Mo bínú sí gbogbo yín, mo sì bínú sí ara mi tí mo purọ́. Ó ti pẹ́." Ó ju bọ́ọ̀lù náà sí i. "Ẹ gbá a, ẹ̀yin ló kàn."